Fóònù Tó Dojú Bolẹ̀

Agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni, ní Winnipeg,
ilẹ̀ ti ṣú kí ọ̀sán tó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.
Wendell Bruyère wọlé, kò bọ́ kóòtù,
ó jókòó bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ tí kò ní í dé.
Ó ní, "Odette, ayé ti sú mi."
Kò sunkún. Ó ń wo bàtà rẹ̀,
yìnyín ń yọ́ lára rẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì mi.

Fóònù wà lórí tábìlì.
Nọ́ńbà kan wà lẹ́yìn rẹ̀, èmi ni mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn
lọ́dún tí wọ́n fún mi níwèé àṣẹ:
bí wọ́n bá ti sọ báyìí, pe báyìí.
Ìwé náà kò sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí a bá pè.

Mo mọ̀ ọ́n. Mo pè rí.
Noreen Flett, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún.
Ọlọ́pàá méjì dé kí tíì rẹ̀ tó tutù.
Wọ́n ní kó na ọwọ́, ó nà án
bí ọmọ iléèwé tí tíṣà fẹ́ wo èékánná rẹ̀.
Wọ́n gba okùn bàtà, wọ́n gba òrùka ìyá-ìyá rẹ̀,
wọ́n tan iná tí kì í kú sí i lójú fún ọjọ́ mẹ́ta.
Mo kọ ọ́ sínú fáìlì pé ewu ti kọjá.
Ó yè é. Mo gbọ́ pé ó wà ní Brandon.
Ṣùgbọ́n ó sọ fún àǹtí rẹ̀ pé
òun ò tún ní í sọ òtítọ́ létí ẹnikẹ́ni tó bá mú bírò dání.
Bírò mi nìyẹn.

Àtìmọ́lé, àtìlẹ́yìn:
"tì" kan náà ló wà nínú méjèèjì,
ibi tí a gbé ọwọ́ lé ló yàtọ̀,
ara ilẹ̀kùn ni, tàbí ẹ̀yìn ènìyàn.

Mo dojú fóònù bolẹ̀.
Ẹ má rò pé àyà mi ò já. Ó já.
Mo bi í láìfi ewé bò ó:
"Wendell, ṣé ò ń rò ó láti pa ara rẹ?"
"Bẹ́ẹ̀ ni."
Ó gbójú sókè. "Ṣé wọ́n ti ń bọ̀?"
"Àwọn wo?"
"Àwọn yẹn."
"Rárá o. Èmi àti ìwọ ni.
Bí mo bá máa pe ẹnikẹ́ni, ìwọ lo máa kọ́kọ́ gbọ́."

Ìgbà yẹn ló bọ́ kóòtù.

Ohun tó tú jáde kì í ṣe ikú nìkan.
Owó ilé oṣù méjì wà níbẹ̀,
ọ̀gá kan ní ilé ìkẹ́rù tó sọ ọ́ lórúkọ
tí bàbá rẹ̀ ò sọ ọ́,
ọmọ rẹ̀ obìnrin tí ìjọba gbà lọ́wọ́ rẹ̀,
tó pé ọdún méje lánàá, tí wọn ò jẹ́ kó rí i.
Mo ń gbọ́, mo ń bi ara mi:
àìsàn wo ni kí n kọ sórí ìwé yìí?
Ẹni tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀, tó ní ilẹ̀ ń tutù sí òun lára,
ṣé òun ló ń ṣàìsàn,
àbí ẹsẹ̀ tó wà lọ́rùn rẹ̀?

"Ta lo fẹ́ kó wà nítòsí rẹ lálẹ́ òní?"
Ó ronú, ó ronú.
"Garnet, ẹ̀gbọ́n mi. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀."
A jọ pè é. Òun fúnra rẹ̀ ló ní
kí Garnet kó ohun tó wà nínú dúrọ́à lọ.

N kò sùn lóru yẹn.
Mo ń gbọ́ ọkọ̀ tó ń ro yìnyín lójú títì,
mo ń ka gbogbo ohun tí mo lè ti ṣì ṣe.

Agogo méje kù díẹ̀, fóònù gbọ̀n:
"Garnet ń hanrun bí ẹ́ńjìnnì. Kò jẹ́ n sùn.
Mo ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì."

Àmì bàtà rẹ̀ ṣì wà lórí kápẹ́ẹ̀tì.
N ò tíì nù ún.